Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther: Bí Ìgbàgbọ́ Ti Gbé E Ró ní Òòjọ́ Ayé Rẹ̀

Nígbà tí ìjọ kan bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó yẹ kí àwọn ọmọ inú rẹ̀ bojú wẹ̀yìn, kí wọ́n sì ka orúkọ àwọn baba tí ó gbé òkúta àkọ́kọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ìjọ kọ̀ọ̀kan, baba kan wà tí gbogbo àwa ọmọ Ìjọ Áńgílíkà ní ilẹ̀ Yorùbá jẹ ní gbèsè. Bíbélì Mímọ́ tí a ń kà sí wa létí ní ọjọọjọ́ ìsinmi, àti ìwé àdúrà tí a ń gbé lọ́wọ́ wá sí ilé Ọlọ́run, òun ni ó ṣíwájú nínú títú wọn sí èdè wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ohun tí a kì í sábà rò ni bí ọkùnrin náà ti ń jí ní òwúrọ̀, tí ó sì ń rí agbára láti ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí tó láti mú ọkàn ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì títí ayé. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin àlejò wa.

Òṣoògùn ni a bí Àjàyí sí, ìlú kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ní nǹkan bí ọdún 1809. Ahunṣọ ni baba rẹ̀, Àfàlá sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, bí àwọn obìnrin ti ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ láìfura, ni ìró dé pé ogun ti yí ìlú ká. Àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ ni ó gbé ogun náà wá, pẹ̀lú àwọn Fúlàní àti àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Odi ìlú gùn, ẹnubodè rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, àwọn ọkùnrin tí ó lè jà kò sì pọ̀ tó láti ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Baba Àjàyí sáré wá sílé, ó ṣe àmì fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n sá, ó sì padà sí ojú ìjà. Àjàyí kò fi ojú kàn án mọ́ láéláé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ó gbọ́ pé ó ti kú nínú ogun mìíràn. Òun àti ìyá rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, àti ọmọ ìbátan wọn kan bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá bí wọ́n ti ń sá lọ sínú igbó, a sì ta okùn sí wọn lọ́rùn bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sí ọjà.

Ní Ìsẹ́yìn ni a ti pín wọn. A fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ẹni tí ó gba ẹṣin wí pé kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó dá a padà, bẹ́ẹ̀ ni a sì dá ọmọ ènìyàn náà padà pẹ̀lú. Ó tún rí ìyá rẹ̀, ó sì wà ní ìtòsí rẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta, èyí tí ó jẹ́ ìtura díẹ̀ fún un; lẹ́yìn náà ni a tún tà á fún obìnrin oníṣòwò kan. Nígbà tí ó rí i pé ọ̀nà òkun ni obìnrin náà kọrí sí, ìbẹ̀rù àwọn Potogí gbà á lọ́kàn. Ó kọ oúnjẹ. Ní òru, ó gbìyànjú láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn kí ó lè kú, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbà á. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni a ń tà á, a fi í gba tábà, a fi í gba ọtí, títí ó fi dé Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ni ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Kò tí ì gbọ́ orúkọ Jésù rí. Kò sí ẹnìkan tí ó lè wí fún un pé ọ̀la yóò dára. Àwọn tí ó máa ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé láti inú oyún ni ó ti ń lọ sí orí ìtẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, wọn kò rò ó dáadáa. Nítorí ní òru ọjọ́ náà, ọ̀já tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni ó rí gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àbáyọ.

Ní Èkó, a fi ẹ̀wọ̀n gígùn kan so ọ̀pọ̀ ẹrú pọ̀ ní ọrùn, àgbà àti ọmọdé lórí ẹ̀wọ̀n kan náà. Bí àwọn àgbà bá fa ẹ̀wọ̀n náà, àwọn ọmọdé ni ó ń farapa. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 1822, a kó àwọn 187 sínú ọkọ̀ Potogí kan tí a ń pè ní Esperanza Felix. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ṣí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì, Myrmidon àti Iphigenia, lé e bá, wọ́n sì gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn tí a gbà là kò mọ̀ pé ìgbàlà ni. Nígbà tí wọ́n kó Àjàyí àti àwọn ọmọdékùnrin díẹ̀ sí inú Myrmidon, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi kọ́, wọ́n sì rí àwọn ọta ìbọn ńlá tí a kó jọ sílẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni ó wà lórí kọ́, àti pé orí wọn ni a kó jọ yẹn. Ó di ìgbà tí wọ́n sún mọ́ wọn wò kí ọkàn wọn tó balẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1822, a mú wọn gúnlẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró.

A fi Àjàyí sí abúlé Bathurst, lábẹ́ àkóso àwọn òjíṣẹ́ Ẹgbẹ́ C.M.S. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó tọ ará ìlú rẹ̀ kan lọ ní ìrọ̀lẹ́, ó tọrọ àbọ̀ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ra káàdì ábídí tirẹ̀ kí ó má bàa máa dúró de ti ilé ẹ̀kọ́. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Ìwà yìí ni kí olùkàwé wa fi sí ọkàn, nítorí a óò tún bá a pàdé títí dé òpin: bí ìyọnu bá ti kọjá tàbí bí kò bá tí ì kọjá, Àjàyí a máa wá iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀, a sì máa ṣe é.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, Àlùfáà Raban ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, tí í ṣe orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ C.M.S. Ní ọdún 1826 ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà díẹ̀. Ní 1827 ó padà sí Freetown, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ kọ sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay. Ó di olùkọ́. Ó gbé Asano ní ìyàwó, ẹni tí òun pẹ̀lú ti bọ́ lọ́wọ́ oko ẹrú, tí orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ sì ń jẹ́ Susan. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ ní ọdún 1837 ni ó ti ro ìtàn ìkólẹ́rú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé ọjọ́ ìbànújẹ́ ni ọjọ́ tí a kó òun, síbẹ̀ ó kà á sí ọjọ́ tí Ọlọ́run yàn láti mú òun jáde sínú ìmọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé ó wí pé ibi kì í ṣe ibi. Ó rí i pé Ọlọ́run kò kúrò níbẹ̀ nígbà tí ibi ń ṣẹlẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni èyí.

Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gòkè Odò Ọya, Crowther sì bá wọn lọ pẹ̀lú Àlùfáà Schön. Ibà pa nǹkan bí 40 nínú àwọn òyìnbó tí ó lọ. Àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka ìrìn àjò náà sí òfo. Ṣùgbọ́n ohun kan jáde láti inú rẹ̀: Schön kọ̀wé sí Ẹgbẹ́ C.M.S. pé àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfríkà fúnra wọn ni yóò wàásù fún Áfríkà, ó sì dárúkọ Crowther. A ránṣẹ́ pè é sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kẹfà ọdún 1843 ni Bíṣọ́ọ̀bù Blomfield fi í jẹ díákónì, ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà ó sì fi í jẹ àlùfáà. Ní ọdún yìí kan náà ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown fún àwọn ará ilé rẹ̀ tí a ti tú sílẹ̀ lóko ẹrú. Ẹ wo bí yóò ti rí lára àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí, tí wọ́n ti rò pé èdè baba wọn ti kú sí ẹnu wọn, láti gbọ́ ọ láti orí àga ìwàásù.

Ní oṣù kìíní ọdún 1845, Crowther, Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n fẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tí ó ti ń retí wọn, ti kú, ọ̀nà sì dí. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi dúró. Ẹlòmíràn ìbá ti padà. Crowther jókòó, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn, ó sì ń tú Ìwé Mímọ́ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni ọ̀nà ṣí, Crowther àti Townsend sì wọ Abẹ́òkúta.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí wọ́n dé ni ohun tí a fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àfàlá ṣì wà láàyè. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ti rìn nínú oko ẹrú, a ti tà wọ́n, a ti rà wọ́n padà, wọ́n sì ń gbé ní ìletò kan tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọmọ òun wà láàrin àwọn òyìnbó tí ó dé, kò kọ́kọ́ gbàgbọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, a mú un wá. Ìyá àti ọmọ di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnu wọn kò sì gba ọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́; omijé nìkan ni ó ń ṣàn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó ti wà láàárín wọn. Ọmọ tí a fi okùn fà lọ ti di àlùfáà nínú aṣọ òyìnbó. Ìyá tí ó fi sílẹ̀ ní ọ̀dọ́ ti di arúgbó. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, Àfàlá wà lára àwọn àkọ́so tí a ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta. Orúkọ tí ó gbà ni Hannah, ìyá Samuel. Ẹni tí ó mọ Bíbélì rẹ̀ kò nílò kí a túmọ̀ èyí fún un. Ó gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì kú ní 1883 lẹ́yìn tí ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́.

Àwọn kan a máa sọ nípa iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì bí ẹni pé ó sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run ní ọjọ́ kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Crowther a máa jókòó ti àwọn àgbà ìlú, a máa tẹ́tí sí àwọn babaláwo àti àwọn Mùsùlùmí, a sì máa kọ ọ̀rọ̀ tí ó bá gbọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, a fi í sílẹ̀, a tún máa wá a kiri títí yóò fi rí èyí tí ó bá etí Yorùbá mu. Àlùfáà, àdúrà, ìwàásù, tí àwa Kristẹni ń pè lójoojúmọ́ bí tiwa, ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti wọ èdè wa. Kò sì tìtorí èyí kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ìwé Páùlù sí àwọn ará Róòmù jáde ní 1850, àwọn ìwé mìíràn tẹ̀ lé e. Ìwé ọ̀rọ̀ tí ó tún tẹ̀ jáde ní 1852 kún fún òwe àwọn baba wa, èyí tí ìbá ti sọnù bí kò bá kọ ọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, ó wà níwájú Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ ní Windsor. Wọ́n ní kí ó ka Àdúrà Olúwa ní èdè Yorùbá, ohùn rẹ̀ sì dùn mọ́ Ọbabìnrin létí.

Ọdún 1862 kò dára fún un. Iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó, ó sì jó àwọn ìwé Yorùbá tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ. Nínú ọdún náà pẹ̀lú ni Àlùfáà Thomas King kú, ẹni tí ó ń ràn án lọ́wọ́ jù lọ nínú iṣẹ́ ìtumọ̀. Ẹni tí ó bá ti pàdánù ìwé ìṣirò owó ọdún kan péré yóò mọ bí èyí ti rí. Crowther tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tí ó yani lẹ́nu nínú bí ó ti tún bẹ̀rẹ̀: ó wá bébà, ó gé kálámù, ó sì kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ní 1884, Bíbélì Mímọ́ odindi jáde ní Yorùbá, nípa ọwọ́ rẹ̀ àti ọwọ́ àwọn mìíràn tí ó bá a ṣiṣẹ́.

Ní àárín èyí ni ó ti di bíṣọ́ọ̀bù. Henry Venn, akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S., ni ó rọ̀ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ọjọ́ Pétérù Mímọ́, a yà á sí mímọ́ ní ilé Ọlọ́run ńlá Canterbury. Nínú àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ ni Ọ̀gágun Leeke wà, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ Myrmidon ní ọjọ́ tí a gba ọmọ náà kúrò lọ́wọ́ Potogí. Aya Bíṣọ́ọ̀bù Weeks tí ó ti kú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, obìnrin tí ó kọ́ ọ ní ábídí ní Sàró. Yunifásítì Oxford fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn ní ọdún kan náà. Síbẹ̀ Townsend àti àwọn òyìnbó kan ní Abẹ́òkúta kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú jẹ olórí wọn, nítorí náà a kò fi àwọn ìjọ wọn sí abẹ́ rẹ̀. Odò Ọya ni ó di agbo rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù kan tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí ilé rẹ̀ wà ní Èkó, ni a fún ní ilẹ̀ Ìgbò, ilẹ̀ Nupe àti etí òkun Ìjọ́ láti ṣe olùṣọ́ rẹ̀, tí kò sì ní ọkọ̀ àtidé ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bí kò ṣe ọkọ̀ àwọn oníṣòwò. A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: kò ṣeé ṣe fún un láti wà nítòsí gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń ní sùúrù fún wọn ju bí ó ti yẹ lọ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ta ni ìbá ṣe é dáradára jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú ohun tí a fi lé e lọ́wọ́?

Wàhálà Odò Ọya kò ṣeé ròyìn tán. Ní 1867, Abókò, ìjòyè kan nítòsí Ìdá, mú òun àti Dandeson ọmọ rẹ̀, ó sì ń béèrè ẹgbẹ̀rún àpò owó ẹyọ kí ó tó tú wọn sílẹ̀. Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá gbà wọ́n. Bí wọ́n ti ń sá lọ sínú ọkọ̀, ọfà olóró bà á, ó sì kú. Ní Bonny, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń bọ awọ́nríwọ́n tí ó ń rìn fàlàlà nínú ìlú, ọba kéde ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1867 pé a kò gbọdọ̀ bọ wọ́n mọ́, a sì pa wọ́n. Inú gbogbo onígbàgbọ́ dùn. Ṣùgbọ́n ní 1875 inúnibíni dé. Ẹrú kan tí ó ti di Kristẹni, Joshua Hart, kọ̀ láti jẹ ẹran tí a fi rúbọ sí òrìṣà. Ohun kékeré ni ẹran lójú ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Olówó rẹ̀ rọ̀ ọ́, ó sì fi ìyà jẹ ẹ́. Nígbà tí kò yí padà, a dì í lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, a sì sọ ọ́ sínú odò. Irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lómìnira ara wọn, ni bíṣọ́ọ̀bù náà ń lọ bẹ̀ wò. Ó mọ ohun tí a ń pè ní ẹrú. Kò sí ẹni tí ó ní láti ṣàlàyé fún un.

Susan, aya rẹ̀ láti ìgbà èwe, kú ní 1880. Venn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ti kú láti 1873. Àwọn tí ó rọ́pò Venn kò ní ojú tí ó fi ń wo Áfríkà. Àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ kan wá sí Odò Ọya, wọ́n jẹ́ onítara, wọ́n sì gbóná fún ìwà mímọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní sùúrù fún ìjọ tí kò tí ì pé ogójì ọdún láàrin àwọn kèfèrí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ní Onitsha, wọ́n dá àwọn àlùfáà àti àwọn òṣìṣẹ́ púpọ̀ dúró, Dandeson ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ áṣídíákónì pẹ̀lú. Bíṣọ́ọ̀bù náà jókòó níbẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn tí kò tó ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ orí sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé akọ̀wé wọn ni. Ó sọ pé wọn kò ní àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọn kò gbọ́, ó fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń bi ara wọn léèrè bí ìgbàgbọ́ ọkùnrin yìí kò ti ṣe já. Oko ẹrú wá láti ọwọ́ ọ̀tá. Ṣùgbọ́n èyí wá láti ọwọ́ Ìjọ tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ sìn. Ó rọrùn láti sọ pé ó dárí jì wọ́n, kí a sì kọjá. Ohun tí a rí ni pé kò fi Ìjọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbà pé ohun tí a ṣe dára. Ó ti àwọn ìjọ etí òkun lẹ́yìn láti máa bọ́ ara wọn kí wọ́n sì máa ṣe àkóso ara wọn láìsí owó C.M.S., ó sì ń ṣètò rẹ̀ títí àrùn ẹ̀gbà fi kọlù ú ní 1891. Àwọn tí ó bá a wíjọ́ pẹ̀lú kò pẹ́. Robinson kú ní Lókójà ní 1891, Brooke sì kú níbẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ yìí ni àwọn náà fi ẹ̀mí wọn lé, ó sì yẹ kí a rántí èyí pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891, ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, Samuel Àjàyí Crowther sùn nínú Olúwa ní Èkó. Ní oṣù kìíní ọdún 1892 ni àwọn ìjọ etí òkun dá Niger Delta Pastorate sílẹ̀, Dandeson sì jẹ́ olórí rẹ̀. Nígbà tí a yan bíṣọ́ọ̀bù mìíràn dípò Crowther, òyìnbó ni a yàn, a sì fi ọmọ ilẹ̀ wa méjì, Charles Phillips àti Isaac Olúwọlé, ṣe igbákejì rẹ̀ ní 1893.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, tí ó pé àádọ́jọ ọdún géérégé tí a yà á sí mímọ́, a ṣe ìsìn ìdúpẹ́ nítorí rẹ̀ ní ilé Ọlọ́run Canterbury kan náà. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby dìde láàrin ìjọ, ó jẹ́wọ́ pé Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ Crowther, ó sì tọrọ ìdáríjì.